Níbo Ni Òórùn Inú Wáìnì Ti Ń Wá?

Níbi ìsọmọlórúkọ kan tí a ṣe ní Ìbàdàn, àbúrò ìyá mi tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìdànrè mú ìgò wáìnì pupa kan lórí tábìlì, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, wọ́n sì ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún àwọn. Mo kà á: èso ṣẹ́rì, ewé tábà, fànílà àti ata dúdú díẹ̀. Màmá gbé ìgò náà padà, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, “Ta ló wá da tábà sínú ohun tí ènìyàn fẹ́ mu?”

Láti ìgbà tí mo ti ń bu wáìnì fún àwọn oníbàárà ní ilé oúnjẹ kan ní London, mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní irú ìbéèrè yìí lọ́kàn tí wọn kò bi ẹnikẹ́ni, nítorí pé àwọn tó ń kọ̀wé nípa wáìnì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ayé ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdáhùn náà ni pé kò sí ẹni tó da tábà síbẹ̀, kò sì sí ṣẹ́rì níbẹ̀. Oje èso àjàrà ni wáìnì, ìwúkàrà ló jẹ ṣúgà inú rẹ̀ tó sì sọ ọ́ di ọtí. Ẹni tó bá ti mu ẹmu ní àárọ̀, tó tún bu nínú agbè kan náà mu nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ti mọ̀ pé ohun mímu lè yí padà pátápátá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan kún un. Omi ló pọ̀ jù nínú gíláàsì wáìnì kan. Agbára ọtí inú rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ìdá 12 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo èròjà tó ń fún un ní òórùn, tí a bá kó wọn jọ, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀n díẹ̀ yìí ló mú kí wáìnì kan yàtọ̀ sí èkejì, ohun mẹ́ta ló sì ń pinnu bó ṣe máa rí: ìran èso àjàrà tí wọ́n lò, ilẹ̀ tí igi rẹ̀ hù lórí rẹ̀, àti imú òun ẹnu ẹni tó ń mu ún. Ilẹ̀ ni wọ́n ń dárúkọ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun náà ni wọ́n ń ṣì lóye jù, nítorí náà òun ni n ó dúró sí jù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìran. Iṣu ni gbogbo wọn ń jẹ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tó mọ oúnjẹ tó máa fi ewùrà gún iyán fún àlejò, bẹ́ẹ̀ ni Ìjẹ̀bú kò ní fi iṣu funfun ṣe ìkọ́kọrẹ́ nígbà tí ewùrà wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àjàrà rí. Ẹ̀yà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì káàkiri ayé lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé inú ìdílé kan ṣoṣo, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Vitis vinifera, ni gbogbo àwọn olókìkí inú wọn ti wá. Àwọn àgbẹ̀ kì í gbin kóró rẹ̀, nítorí pé ọmọ tí yóò ti inú kóró hù kò ní jọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀ka ni wọ́n ń gé gbìn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń gé igi ẹ̀gẹ́ gbìn. Nípa báyìí, ẹ̀yà kan lè wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún láìyí ìwà padà. Ní ọdún 1395, Philippe tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Burgundy ní Faransé pàṣẹ pé kí wọ́n fa igi Gamay tu nínú oko àjàrà gbogbo ìlú náà, nítorí pé Gamay a máa so púpọ̀ ṣùgbọ́n ọtí rẹ̀ kò tẹ́ ọmọba náà lọ́rùn. Pinot Noir ló fẹ́. Pinot Noir yìí náà ni wọ́n ṣì ń kórè níbẹ̀ dòní. Gamay kò parun o. Ó rí ibùgbé sí Beaujolais, ní gúúsù Burgundy, lórí ilẹ̀ òkúta akọ, wáìnì tó sì ń ṣe níbẹ̀ dára débi pé mo rò pé ọmọba náà kò ṣe ìdájọ́ òdodo fún un.

Nígbà mìíràn, atẹ́gùn a máa gbé ìyẹ̀fun òdòdó ẹ̀yà kan bá òdòdó òmíràn nínú oko, tí kóró tó bọ́ sílẹ̀ yóò hù di ẹ̀yà tuntun. Cabernet Sauvignon, tó wà lára ìgò tí a máa ń rí jù lórí àtẹ ní Èkó àti ní London, wá sáyé lọ́nà yìí. Ní ọdún 1997 ni John Bowers àti Carole Meredith, tí wọ́n jẹ́ olùwádìí ní Yunifásítì California tó wà ní Davis, fi àyẹ̀wò DNA fi hàn pé Cabernet Franc tí èso rẹ̀ dúdú àti Sauvignon Blanc tí èso rẹ̀ funfun ni òbí rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbóòórùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ kò ní jiyàn rẹ̀, nítorí pé òórùn kan wà tó ń rìn nínú ìdílé náà: òórùn tàtàṣé tí kò tíì pọ́n, nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á sí méjì. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní pyrazine ló ń fa èyí. Ó wà nínú tàtàṣé tútù, ó sì wà nínú àwọn èso àjàrà wọ̀nyí pẹ̀lú, ìwọ̀n rẹ̀ tí imú lè gbọ́ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè fi ojú inú wò ó. Bí oòrùn bá ṣe ń pa èso náà tó, bẹ́ẹ̀ ni pyrazine ń dín kù, ìdí sì nìyí tí Cabernet láti ibi tí oòrùn ti mú kì í fi í rùn bí ewé bíi ti ibi tó tutù.

Ata dúdú tí mo kà fún Màmá náà kì í ṣe àfiwé lásán. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà kéde pé àwọn ti rí èròjà tó ń mú kí wáìnì Syrah rùn bí ata dúdú. Rotundone ni orúkọ rẹ̀, òun kan náà ló sì wà nínú ata dúdú tí a ń lọ̀ sórí ẹran. Èèpo èso Syrah ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá kọ “ata dúdú” sẹ́yìn ìgò Syrah, òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ata kò débẹ̀.

Èèpo yìí ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. Inú èso àjàrà dúdú funfun ni, oje rẹ̀ pẹ̀lú kò ní àwọ̀, àfi ẹ̀yà díẹ̀. Èèpo tí wọ́n jẹ́ kó wà pẹ̀lú oje nígbà tó ń hó ló ń pọ́n wáìnì pupa. Bí wọ́n bá tètè yọ èèpo kúrò, wáìnì funfun ni èso dúdú yóò ṣe, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nínú ọ̀pọ̀ ṣanpéènì.

Ohun kan tún wà tó ń da àwọn olùrà láàmú, tí mo sì gbọ́dọ̀ yanjú kí n tó kúrò níbí. Syrah àti Shiraz, ẹ̀yà kan náà ni wọ́n. Ní Faransé, orúkọ ìlú ni wọ́n sábà máa ń kọ sára ìgò, kì í ṣe orúkọ èso, nítorí pé òfin ti pinnu irú èso tí ìlú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lò. Ẹni tó bá ra Chablis, Chardonnay ló rà. Ẹni tó bá ra Sancerre funfun, Sauvignon Blanc ló rà. Mo ti bu Chablis fún obìnrin kan tó ti kọ́kọ́ sọ fún mi pé òun kò lè fi Chardonnay kan ẹnu, ó sì bẹ̀ mí pé kí n bù sí i.

Chablis gan-an ni n ó fi wọnú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ìlú kékeré ni, ní àríwá Burgundy, àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó yí i ká sì jẹ́ ilẹ̀ funfun tí ẹfun àti amọ̀ dà pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ nínú oko àjàrà níbẹ̀ tó mú òkúta kan, ó ṣeé ṣe kó rí ìkarahun kéékèèké tó rí bí àmì ìdánudúró inú ìwé, tó lẹ̀ mọ́ òkúta náà pinpin. Ìkarahun ẹran inú òkun ni wọ́n, láti nǹkan bí 150 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí omi òkun bo ibẹ̀. Wáìnì Chablis a máa kan létè, a máa mọ́ lẹ́nu, òórùn rẹ̀ a sì máa rán àwọn kan létí òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí lórí tàbí etí òkun. Kí wá ni ènìyàn yóò rò? Yóò rò pé gbòǹgbò igi náà fa ìkarahun yẹn mu, ó sì gbé adùn rẹ̀ lọ sínú èso.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò kì í jẹ òkúta. Omi ló ń fà, pẹ̀lú ìwọ̀nba èròjà tó ti yòrò sínú omi náà, bíi pọtásíọ̀mù, kálísíọ̀mù àti magnésíọ̀mù. Àwọn èròjà kan náà yìí ni igi àjàrà ń wá nínú gbogbo ilẹ̀, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ ẹfun tàbí ilẹ̀ iyanrìn, èyí tó sì ń dé inú wáìnì nínú wọn kéré jù fún ahọ́n láti mọ̀. Alex Maltman, onímọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀ ní Yunifásítì Aberystwyth ní Wales, tó tún ń gbin àjàrà fúnra rẹ̀, ti kọ ọ̀pọ̀ àlàyé lórí èyí. Ohun tí mo rí kọ́ nínú irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ni pé ewé ló ń fi ìmọ́lẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ṣúgà, èso sì ń fi ṣúgà yẹn ṣe àwọn èròjà òórùn. Ilẹ̀ kì í fi òórùn tó ti ṣe tán ránṣẹ́ sókè.

Ẹ̀rí mìíràn wà tó máa ń yà mí lẹ́nu nígbàkúùgbà tí mo bá rántí rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1860 sí 1870, kòkòrò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní phylloxera ti Amẹ́ríkà wọ Faransé, ó sì ń jẹ gbòǹgbò àjàrà títí ọ̀pọ̀ oko fi gbẹ. Nígbà tí wọ́n ti gbìyànjú títí, ohun tó gbà wọ́n ni pé kí wọ́n mú ìdí igi àjàrà Amẹ́ríkà, tí kòkòrò náà kò lè pa, kí wọ́n sì lọ́ ẹ̀ka àjàrà Faransé mọ́ ọn lórí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣe é dòní ní ibi tó pọ̀ jù ní Yúróòpù. Èyí túmọ̀ sí pé gbòǹgbò tó wà nínú ilẹ̀ olókìkí Burgundy kì í ṣe ti Pinot Noir rárá. Ìran mìíràn ló ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀, Pinot Noir jókòó lé e lórí ni. Síbẹ̀ Pinot Noir ni èso náà ń jẹ́ títí dé inú gíláàsì.

Ǹjẹ́ a lè wá sọ pé ilẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan? Rárá o. Iṣẹ́ tó ń ṣe tóbi púpọ̀, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn ni. Ilẹ̀ ló ń pinnu iye omi tí igi máa rí mu àti ìgbà tó máa rí i. Òun ló tún ń pinnu bí ìdí igi ṣe máa móoru tó. Gbogbo àgbẹ̀ wa tó ti gbin ẹ̀wà sórí ilẹ̀ tó lọ́ràá jù mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀: ewé á kún oko, ẹ̀wà kò ní sí. Àjàrà pàápàá rí bẹ́ẹ̀. Bí omi àti ọ̀rá ilẹ̀ bá pọ̀ fún un, ewé àti ẹ̀ka ni yóò máa nà, èso á wú, omi á pọ̀ nínú rẹ̀, adùn á sì ṣàn. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń dín kù díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń wọlé, tí kò sì tán pátá, igi yóò dáwọ́ ewé yíyọ dúró, yóò kọjú sí èso; èso á kéré, èèpo á sì pọ̀ ju omi inú rẹ̀ lọ. A sì ti rí i pé inú èèpo ni ọ̀pọ̀ òórùn àti àwọ̀ wà.

Ẹ wo Bordeaux, ní Faransé. Odò ńlá kan pín àgbègbè náà sí méjì. Ní òsì rẹ̀, ní Médoc, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ilẹ̀. Omi kì í dúró níbẹ̀, ilẹ̀ náà a sì máa tètè gbóná. Cabernet Sauvignon, tó máa ń pẹ́ pọ́n, nílò ooru yẹn kí òjò ìgbà ìkórè tó dé. Ní ọ̀tún, ní Pomerol, amọ̀ ló pọ̀. Ó tutù, ó sì ń di omi mú. Cabernet kò ní ráyè pọ́n dáadáa lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n Merlot, tó máa ń tètè pọ́n, rí i bí ilé bàbá rẹ̀. Àwọn tó ń mu wáìnì méjèèjì yìí a máa sọ pé àwọn mọ adùn òkúta yàtọ̀ sí adùn amọ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni adùn Cabernet tó pọ́n àti ti Merlot tó pọ́n. Ilẹ̀ ló yan èyí tó máa wà níbì kan. Ní etí odò Mosel ní Jámánì, níbi tí òkè ti dà gẹ̀rẹ́ débi pé àgbẹ̀ ń fi ọwọ́ di igi mú kó má baà yọ̀, òkúta dúdú pẹlẹbẹ bo ilẹ̀, wọ́n ń gba ooru ọ̀sán pamọ́, wọ́n sì ń tú u sílẹ̀ ní alẹ́. Láìsí ooru yìí, ó ṣòro kí àjàrà funfun tí wọ́n ń pè ní Riesling pọ́n ní ibi tó tutù tó bẹ́ẹ̀.

Burgundy tí mo ti mẹ́nu bà ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti fara hàn jù. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan tó gùn tó nǹkan bí 50 kìlómítà ni Côte d'Or, ó kọjú sí ìlà-oòrùn, Pinot Noir àti Chardonnay nìkan ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí rẹ̀. Nítorí pé ìran èso kò yí padà láti oko dé oko, ìyàtọ̀ yòówù tí ènìyàn bá rí, ilẹ̀, ojú ọjọ́ tàbí ọwọ́ ẹni tó ṣe é ló fà á. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Cîteaux, tí wọ́n dá ilé ìjọsìn wọn sílẹ̀ ní ọdún 1098, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fara balẹ̀ pín oko náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì mọ odi yí èyí tó lókìkí jù nínú tiwọn ká. Clos de Vougeot ni wọ́n ń pè é, ó fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 50, àwọn tó ní ilẹ̀ nínú odi yẹn lónìí sì tó nǹkan bí 80. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń kọ sára ìgò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rìn láti òkè odi náà wá sí ìsàlẹ̀ yóò rí i pé ilẹ̀ òkè fẹ́lẹ́, òkúta ẹfun hàn sójú, omi òjò sì ń bá a kọjá lọ. Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀nà mọ́tò, ilẹ̀ ń jìn sí i, ó ń dúdú sí i, amọ̀ ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Ní ọdún tí òjò bá pọ̀, ẹsẹ̀ àwọn igi ìsàlẹ̀ á wà nínú omi nígbà tí tòkè ti gbẹ. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Láti ọdún 2015 ni àjọ UNESCO ti ka irú oko wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Burgundy mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé.

Àwọn Faransé ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń lò fún gbogbo èyí: terroir. Àwọn kan ń túmọ̀ rẹ̀ sí “ilẹ̀”, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà kó mọ́ra ni ilẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, oòrùn, òjò, afẹ́fẹ́, àti ìṣe àwọn ènìyàn tó ti ń dáko níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Ìyàtọ̀ ọdún wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ọdún tí oòrùn mú kò lè ṣe irú wáìnì tí ọdún òjò ṣe.

Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe wáìnì kò gba àlàyé gígùn. Fànílà tí mo kà fún Màmá, inú àgbá igi óákù tí wọ́n yan lórí iná ló ti wá. Igi náà ní èròjà fànílà nínú. Òórùn bọ́tà inú àwọn Chardonnay kan, bakitéríà tó ń rọ ìkan wáìnì lójú ló ń ṣe é. Chablis àti Meursault, Chardonnay ni àwọn méjèèjì, Burgundy ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Chablis kì í wọ àgbá tuntun, nígbà tí Meursault sábà máa ń pẹ́ nínú rẹ̀. Kí ènìyàn tó sọ pé ilẹ̀ ló fa ìyàtọ̀ wọn, kó kọ́kọ́ béèrè nípa àgbá.

Ó wá ku imú àti ẹnu. Ohun tí ahọ́n mọ̀ kò pọ̀: adùn, ìkan, iyọ̀, ìkorò, àti irú adùn tó wà nínú omi ẹran àti nínú irú, èyí tí Kikunae Ikeda ará Japan ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1908. Kò sì sí òótọ́ nínú àwòrán ahọ́n tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé ìwé, tó ní iwájú ahọ́n ló mọ adùn, ẹ̀yìn ló mọ ìkorò. Gbogbo ibi tí ahọ́n ti ń mọ nǹkan ló mọ màrùn-ún náà. Ṣẹ́rì, tábà àti ata dúdú kò sí lára màrùn-ún yìí. Imú ló ń gbọ́ wọn.

Ẹ lè dán èyí wò lónìí. Ẹ di imú yín pinpin, kí ẹ fi ègé ọsàn kan sẹ́nu, kí ẹ máa jẹ ẹ́. Ẹ ó mọ̀ pé ó dùn, ẹ ó mọ̀ pé ó kan díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ̀ pé ọsàn ni. Ẹ wá tú imú sílẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ọsàn á dé, nítorí pé ọ̀nà kan wà lẹ́yìn ọ̀nà ọ̀fun tí òórùn oúnjẹ ń gbà gòkè láti ẹnu wọ imú. Ìdí nìyí tí ẹ̀fọ́ rírò fi ń dà bí koríko lẹ́nu ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Irú ohun tí imú fi ń gba òórùn nínú ara ènìyàn tó nǹkan bí 400, Linda Buck àti Richard Axel sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2004 nítorí iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀. Gbogbo wa kọ́ ni a ní wọn bákan náà. Nínú ìwádìí rotundone tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni kò gbọ́ òórùn rẹ̀ rárá, kódà nígbà tó pọ̀. Nítorí náà, bí ọkọ bá gbọ́ ata dúdú nínú Syrah tí ìyàwó kò gbọ́ ọ, kí wọ́n má ṣe bá ara wọn jiyàn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní kíkorò tàbí kíkan, tí kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ti jẹ èso kajú mọ bó ṣe ń fún ẹnu pọ̀, tí ahọ́n á gbẹ bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ nù ún. Obì náà ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Tánnìn ni wọ́n ń pe èròjà tó ń fà á, inú èèpo àti kóró àjàrà ló ti ń wá, ó sì ń lẹ̀ mọ́ àwọn èròjà inú itọ́ tó ń mú kí ẹnu yọ̀. Fífọwọ́kàn ni, kì í ṣe adùn. Ẹran ọlọ́ràá a máa rọ̀ ọ́ lójú, nítorí náà Cabernet tó ń fún ẹnu pọ̀ nígbà tí ènìyàn mu ún lásán lè bá ẹran yíyan lọ wẹ́kú.

Ojú pàápàá ń dá sí i. Ní ọdún 2001, Gil Morrot, Frédéric Brochet àti Denis Dubourdieu kọ̀wé nípa ìdánwò kan tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ 54 tó ń kọ́ nípa wáìnì ní Bordeaux: wọ́n fi àwọ̀ pupa tí kò ní òórùn sínú wáìnì funfun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sì fi ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún wáìnì pupa ṣàpèjúwe rẹ̀. Owó náà ń dá sí i. Ní ọdún 2008, Hilke Plassmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California bu wáìnì kan náà fún àwọn ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ọ̀kan jẹ́ dọ́là 10, èkejì dọ́là 90. Wọ́n gbádùn èyí tí wọ́n pè ní dọ́là 90 jù, ẹ̀rọ tó ń yàwòrán ọpọlọ sì fi hàn pé kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́: apá ibi tí ọpọlọ fi ń mọ ìgbádùn ṣiṣẹ́ jù ní tòótọ́. Èmi kò rí èyí bí ẹ̀rí pé ẹ̀tàn ni wáìnì. Ohun tó kọ́ mi ni pé ọpọlọ ń fi ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kún ohun tí imú gbé wá fún un.

Ohun tí ọpọlọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí àwa Yorùbá mú ní pàtàkì. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní London, wọ́n ní kí n kọ “gooseberry” fún Sauvignon Blanc. Mo kọ ọ́ fún ọdún méjì gbáko kí n tó fi ojú kan èso náà. Láàárín gbogbo àkókò yẹn, ohun tí imú mi ń sọ fún mi ni ewé tútù tí a fi ọwọ́ ra àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là, n kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ torí mo rò pé kò bófin mu. Riesling tó ti pẹ́ nínú ìgò a máa rùn bíi kẹrosíìnì. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ní láti kọ́ èyí, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó dàgbà sídìí sítóòfù tí kò ní mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà? Ní ọdún tó tẹ̀lé ìsọmọlórúkọ yẹn, mo bu Gewürztraminer, wáìnì funfun kan tí òórùn rẹ̀ ga, fún Màmá Ìdànrè nílé wọn. Wọ́n gbé e sí imú, wọ́n dákẹ́, wọ́n tún gbé e sí imú. Wọ́n ní, “Kòkó. Kì í ṣe èyí tó ti gbẹ o. Omi funfun ara rẹ̀, nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ọ.” Inú ìwé tí wọ́n fi kọ́ mi, èso lychee ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo gbé gíláàsì náà sí imú tèmi, mo sì rí i pé èyí tí Màmá sọ súnmọ́ ọn ju ti inú ìwé lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ fi imú ara rẹ̀ rí gbogbo ohun tí mo ti sọ, kó ra ìgò méjì tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà láti ibi méjì, bíi Syrah láti Faransé àti Shiraz láti Gúúsù Áfíríkà. Kó gbé wọn sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, pàápàá nílé wa, nítorí pé nínú ooru Èkó, agbára ọtí ló máa ń kọ́kọ́ gba imú kan tí òórùn yòókù kò sì ní ráyè jáde. Kó ní kí ẹlòmíràn bá òun bù ú sínú gíláàsì méjì tó jọra, díẹ̀díẹ̀, kó má sọ èyí tó jẹ́ èwo fún òun, kó sì gbé ìgò méjèèjì kúrò níbẹ̀. Kó gbóòórùn èkíní, kó gbóòórùn èkejì, kó tún padà sí èkíní, kó sì kọ ohun tó bá kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ó tó ka ohun tó wà lẹ́yìn ìgò.